Kọ́kọ́rọ́ Tí Eyín Rẹ̀ Kán

Ìyá Abẹ́rẹ́ kì í fín ara ẹnikẹ́ni láìbéèrè ìtumọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń ṣiṣẹ́ ara fínfín nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Á fọwọ́, á wọ ìbọ̀wọ́, á to abẹ́rẹ́ sórí aṣọ funfun, á wá ní, "Sọ ọ́ kí n gbọ́. Abẹ́rẹ́ mi kì í wọ ara tí kò lọ́rọ̀."

Àjèjì a sì máa sọ ohun tí kò sọ fún aya rẹ̀. Alápatà kan fín ẹja sí ọrùn ọwọ́, nítorí àbúrò rẹ̀ tí odò gbé lọ. Olùkọ́ kan fín ẹẹ́fà sí èjìká: ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá rẹ̀ ní òun ń lọ ra ìṣó, tí kò sì padà. Ìyá Abẹ́rẹ́ á mirí, á gbé e pa mọ́ sínú. Ogún ọdún ló ti wà nílé ọkọ láìbímọ. Ìtàn àwọn oníbàárà ló fi ń ṣe ọmọ pọ̀n.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọmọbìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ kan sórí tábìlì.

"Ẹ bá mi fín eléyìí sẹ́yìn, Mà, láàárín èjìká méjèèjì."

Ìyá Abẹ́rẹ́ mú un, ó yí i wò. Eyín kẹta kọ́kọ́rọ́ náà ti kán. Òun fúnra rẹ̀ ló kán an, lọ́jọ́ tó fi ṣí agolo wàrà. Bọ́tìnnì tí wọ́n so mọ́ ọn, ara búláòsì òun ló ti já. Kọ́kọ́rọ́ ilé òun ni, èyí tí ọkọ rẹ̀ ní òun sọ nù lóṣù tó kọjá. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yẹn ti ń súfèé kiri ilé bí ọkọ ìyàwó.

Kò béèrè nǹkan kan. Ẹni tó ká olè mọ́ yàrá, ṣé ó tún ń bi í pé kí ló wá ṣe?

"Dojú bolẹ̀," ó ní.

Ó fín kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì dára. Lábẹ́ rẹ̀ ó wá kọ ọ́ gàdàgbà: OLÈ. Ó tẹ abẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Yéè! Ó ń ro mí, Mà!"

"Fara dà á. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Onígbàjámọ̀ kígbe láti ọ̀ọ́kán, "Ìyá Abẹ́rẹ́, ṣé ẹran lẹ ń kun níbẹ̀ ni?"

"Ẹran ni! Ó sanra!"

Nígbà tó parí, ọmọ náà fi aṣọ di àyà, ó jókòó. "Ẹ ò bi mí ní ìtumọ̀ ẹ̀, Mà. Mo sì ti ń kọ́ ọ sórí láti àná."

"Ó yá, sọ ọ́."

"Ọjọ́ tí ìyá mi bí mi ló kú. Àwọn ẹbí ẹ̀ gbé mi sá fún bàbá mi. Oṣù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin kó tó fẹ́ ìyàwó tó wà nílé ẹ̀. Ìyẹn ò bímọ, ẹ̀rù wá ń ba bàbá mi láti sọ fún un pé òun ti bímọ rí. Ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ yìí ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án Àìkú, kí n kúnlẹ̀, kí n pè é ní màmá mi." Ó rẹ́rìn-ín. "Màá sì fi ẹ̀yìn mi hàn án. Ṣé inú ẹ̀ á dùn, Mà?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ yára ya aṣọ funfun tó máa fi di ojú ọgbẹ́ náà.

"Ẹ jẹ́ n wò ó nínú jígí."

"Kò sí jígí níbí. Jókòó, jẹ́ n dì í fún ẹ."

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú, níbi tí jígí gba ògiri. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ kà á. Ẹ̀rín ló bú sí.

"Olè! Ìyá Abẹ́rẹ́, níbo lẹ ti mú eléyìí?"

Ọmọ náà padà wá síbi ilẹ̀kùn, ó di aṣọ àyà rẹ̀ mú. Ó wo kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó wo obìnrin náà.

"Kí ni mo jí, Mà?"