Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Wọ́n Ń Pè Ní Odi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ṣe odi. Nílé, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, bí ó bá sì fẹ́ bá èèyàn jà lórí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi, kí onítọ̀hún yáa tètè sá. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Odi ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ń dáhùn. Ọ̀gá rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òfin kan péré ni ọkùnrin náà ní: ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Òun á gba kọ̀ǹpútà níwájú, á gbé e wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, ẹ̀gbọ́n mi á tú ìdí rẹ̀, á tún un ṣe, ọ̀gá á sì gbé e jáde bí ẹni pé ọwọ́ òun ló ṣe é. Á ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà á kí àwọn oníbàárà má lọ mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, kí wọ́n sì tẹ̀ lé e lọ. Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn rí, mi ò sì ní díbọ́n nítorí pé mò ń sọ ìtàn.

Ilé ìwòsàn kan ń wá ẹni tí yóò máa mójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Ìyàwó àbúrò ìyá wa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní àwọn á gba ẹ̀gbọ́n mi, kó ṣáà ti mú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà wá. Ó ti ṣe ìdánwò ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan, ó fìdí rẹmi. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́ o. Ó mọ inú kọ̀ǹpútà bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti béèrè bí a ṣe ń bá oníbàárà lò ló ti ṣubú yakata. Ó wá ku ọ̀la kó tún un ṣe, ilé ìwòsàn sì ti ní àwọn ò ní dúró dè é lẹ́yìn èyí.

Ni mo bá gbé ìwé ìbéèrè lọ bá a lẹ́yìn kọ́tìnì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí ọ̀gá jáde lọ jẹun.

Mo kà á sókè. "Ẹ̀rọ oníbàárà kò tàn. Kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Màá tú u."

"Ẹ ti tún ṣubú nìyẹn! Wọ́n ní kẹ́ ẹ bi oníbàárà pé kí ló ṣẹlẹ̀."

Ó pòṣé. "Kí ni oníbàárà mọ̀? Irọ́ ni wọ́n máa ń pa."

"Ẹ ti bi ọ̀kan rí?"

"Gbé ìwé ẹ kúrò lójú mi."

Inú bí mi. "Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin ò ní béèrè. Ẹ jókòó síbí, kẹ́ ẹ máa tú ìdí ẹ̀rọ títí ẹ ó fi darúgbó."

Ó sọ àkísà tó fi ń nu ẹ̀rọ lù mí láyà. "Ṣé o rò pé mi ò gbìyànjú ni? Bí mo bá ti fẹ́ la ẹnu, ojú ọkùnrin yẹn ni mo máa ń rí!"

Bí a ṣe ń bú ara wa lọ́wọ́ ni ọkùnrin náà wọlé.

"Kí nìyẹn?"

"Ìwé ni, sà," mo dá a lóhùn.

"Mo rí i pé ìwé ni, mi ò fọ́jú. Ta ló sọ ṣọ́ọ̀bù mi di ilé ẹ̀kọ́?" Ó já a gbà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìdánwò! Odi fẹ́ ṣèdánwò!" Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ìwé náà bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì níwájú, ó sì fi ọwọ́ mi tábìlì wò. Kò mì mọ́. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn dé eegun.

Tíṣà kan ló wọlé lẹ́yìn náà, ó gbá kọ̀ǹpútà alágbèéká kan mọ́ àyà. Ọ̀gá gbà á, ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń tàn án, kò tàn.

"Bátìrì ti kú. Tuntun lẹ máa rà."

Obìnrin náà ti ń ṣí pọ́ọ̀sì kí kọ́tìnì tó ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi jáde.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà." Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ náà. "Kí ló ṣe é kó tó kú?"

"Odi!" ọ̀gá pariwo.

"Mo ní kí ló ṣe é, mà."

Tíṣà wo ọ̀gá, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. "Tíì ló dà sí i láàárọ̀. Ẹ má bínú, kò sẹ́ni tó bi mí ni."

"Ẹ tún ki ṣájà bọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́."

"Ẹ má tàn án mọ́ o. Ẹ má tíì ra bátìrì kankan. Ẹ jẹ́ ká tú u, ká nù ún, kó gbẹ ná."

Tíṣà pa pọ́ọ̀sì dé. Ó gba ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ojú ọkùnrin náà pọ́n wẹ̀. "Jáde! Kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, aláìmoore! Fi irinṣẹ́ sílẹ̀, tèmi ni!" Ẹ̀gbọ́n mi fi wọ́n sílẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ tíṣà dání, ó jáde, tíṣà sì tẹ̀ lé e. Ohun tí ọ̀gá ti ń sá fún látọjọ́ yìí, ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Èmi fa ìwé mi yọ lábẹ́ tábìlì. Tábìlì yẹ̀, àwọn nǹkan orí rẹ̀ sì fọ́n ká ilẹ̀. Mi ò bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yege lọ́jọ́ kejì. Mo bi í bó ṣe ṣe é níbi tí wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ oníbàárà. Ó ní ojú tíṣà onítíì lòun rí.

Ó ti wà ní ilé ìwòsàn báyìí. Láìpẹ́ yìí, èmi àti ẹ̀ ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú ìdí rẹ̀ dání.

"Odi!" ó pè. "Odi, jọ̀ọ́, wá bá mi wo nǹkan kan!"

Ẹ̀gbọ́n mi ò bojú wẹ̀yìn.

"Ta ni wọ́n ń pè?" ó bi mí.

Mo ní èmi náà ò mọ̀, a sì ń bá tiwa lọ.