Àbíkẹ́yìn Lọ Bá Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n ló pọn Àbíkẹ́yìn dàgbà, torí aṣọ rírán kì í jẹ́ kí ìyá wọn ráyè gbé orí sókè. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ̀ lókè òkun, ó ní ọdún méjì péré ni òun máa lò. Ọdún méjì di mẹ́ta, ó di márùn-ún. Ó kàwé tán, ó ríṣẹ́, ó sì wá di ohùn lásán inú fóònù.

Àbíkẹ́yìn náà wọ yunifásítì, ó ń kọ́ nípa ìtọ́jú ojú. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti kóra jọ, ọ̀rọ̀ òkè òkun ni. Ọ̀kan ní irinṣẹ́ ìgbàlódé ni òun ń lé lọ. Òmíràn, tí wọ́n ń pè ní Aláriwo, ní, "Èmi ò ní purọ́ o. Mo kàn fẹ́ débi tí bàbá mi ò ti ní máa bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá bi Àbíkẹ́yìn.

"Ìmọ̀ ni tèmi," ló wí. Kì í ṣe ìmọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni.

Ó tẹra mọ́ ìwé, ó yege, ó rí ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀ nílùú tí Ẹ̀gbọ́n wà, ó lọ. Nínú bàlúù, ohun tó ń rò kò ju pé àwọn méjèèjì á máa jókòó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Yàrá kan ni Ẹ̀gbọ́n ń gbé, ibùsùn kan ló sì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bó bá ń wọlé láàárọ̀, Àbíkẹ́yìn ń de okùn bàtà, ó ń sáré lọ sí kíláàsì. Bí Àbíkẹ́yìn bá dé nírọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n ti jáde, ibùsùn ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Á dùbúlẹ̀ sójú ibẹ̀ gan-an. Àárò ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé wá ń sọ ọ́ ju ti ìgbà tí òkun wà láàárín wọn lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìsinmi pa wọ́n pọ̀. Àbíkẹ́yìn tú ìròyìn ilé sílẹ̀, ó ní Aláriwo, ọ̀rẹ́ òun tó fẹ́ sá fún ìbéèrè bàbá rẹ̀, náà ti ń bọ̀ wá sókè òkun.

"Ẹn-ẹ́n! Kí ni bàbá rẹ̀ wá sọ?"

Kí Àbíkẹ́yìn tó fèsì, oorun ti gbé Ẹ̀gbọ́n lọ, orí rẹ̀ sì balẹ̀ sí èjìká àbúrò rẹ̀. Apá Àbíkẹ́yìn kú, kò mira.

Fóònù dún. Ìyá wọn ni. "Ṣé ẹ ń ríra yín dáadáa?"

"À ń ríra, Màámi. Ó fara tì mí báyìí."

"Gbé e fún un, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀."

Àbíkẹ́yìn wo ojú Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀ sí i."