Ìgúnpá Màmá Nínú Omi

Ní Fìdítì, nígbà tí àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òórùn ọsàn kì í jẹ́ kí èèyàn gbóòórùn nǹkan mìíràn. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró báyìí, wọn á máa kó ọsàn jáde láti oko, wọn á tò ó jọ sí ẹ̀bá títì, èyí tó bá sì bàjẹ́ nínú rẹ̀ á máa kan nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ilé tiwa, tí ẹ yà sí yàrá ọwọ́ òsì, òórùn mìíràn ni ẹ ó bá níbẹ̀: òórùn òrí tí wọ́n yọ́ lórí iná, ọṣẹ dúdú, àti oògùn tí a fi ń fọ egbò. Yàrá àbúrò mi ọkùnrin nìyẹn. Títí di òní, bí òórùn òrí yíyọ́ bá kọlù mí lójijì nínú ọjà, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó lè máa lọ.

Àbúrò mi yìí ló máa ń bá ọkọ̀ ọsàn lọ sí Ìbàdàn. Orí ẹrù ló máa ń jókòó sí, bí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kó sí kòtò, àbúrò mi já bọ́, ó sì fi ẹ̀yìn balẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ lò ní ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Dókítà ní okùn kan wà nínú eegun ẹ̀yìn tó ń jíṣẹ́ láàárín orí àti ẹsẹ̀, pé okùn náà ti bàjẹ́, pé kò ní lè rìn mọ́, kò sì ní mọ nǹkan kan lára láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì kan mú mi jókòó. Tíṣà ni mí, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlọrà, nítorí náà mo kọ gbogbo ohun tó sọ sínú ìwé: kí á máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, bí a ṣe ń ki rọ́bà ìtọ̀ bọ̀ ọ́, bí a ṣe ń fi ìbọ̀wọ́ ràn án lọ́wọ́ láti yàgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá ní, "Ẹ má jẹ́ kí ohun gbígbóná kan ẹsẹ̀ rẹ̀ o. Bó bá ń jóná, kò ní mọ̀. Ìgúnpá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán omi wò." Mo kọ ìyẹn náà, mo sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́. Ní gbogbo àdúgbò wa, Màmá mi ni wọ́n máa ń wá pè bí obìnrin bá bímọ, kí wọ́n wá fi omi gbígbóná jó o. Ẹsẹ̀ tó rọ́, ẹ̀yìn tó ń ro àgbẹ̀, ọwọ́ wọn ló ń wò ó. Wọn kì í bẹ̀rù omi tó ń hó; wọn á ti aṣọ bọ̀ ọ́, wọn á fún un, wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara aláìsàn. A ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé tí ìkòkò ti wà lórí iná.

Ìwé nọ́ọ̀sì wà nínú báàgì tó wà léjìká mi. Mo ní, "Màmá, ṣé omi yìí ò gbóná jù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí ẹsẹ̀ tìẹ rọ́, ta ló fi omi jó o?"

Mo dákẹ́. Ta ni mo jẹ́ tí màá kọ́ Màmá ní iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi? Àbúrò mi alára gbé orí sókè, ó ń wo ooru tó ń rú lára aṣọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gbóná sí i, Màmá. Bóyá màá mọ̀ ọ́n lára."

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti lé ròrò láti ọrùn ẹsẹ̀ dé gìgísẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, awọ ibẹ̀ ti bó, ó ti di egbò tó jìn. Nọ́ọ̀sì tó ń ti Ìlọrà wá wẹ̀ ẹ́ fún wa pè mí sí ìta, ó ní bó bá fi lè wọ eegun, gígé ni wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá kò ti fọwọ́ kan ọmọ wọn mọ́. Wọn á se oúnjẹ, wọn á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọn á padà sí ilé ìdáná. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará àdúgbò wá pe Màmá sọ́dọ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọn kò lọ. Èmi nìkan ló kù. Bàbá kan tó jẹ́ aládùúgbò wa máa ń yà bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á bá mi yí i padà kí n tó lọ sí iṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń fi ìbọ̀wọ́ ràn án lọ́wọ́, àbúrò mi máa ń fi aṣọ bojú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń na ọmọ ọlọ́mọ torí èékánná ìdọ̀tí." À ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé, "Ṣé Màmá ń bínú sí mi ni?"

Mo jáde lọ bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, mo kúnlẹ̀. "Màmá, èmi ni mo jó o. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi kí a tó kúrò ní Ìbàdàn."

Ọwọ́ wọn dúró. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O wá ń wò mí."

Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà tán, wọ́n gbọn òkúta rẹ̀ dànù. Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ojú ń tì mí, mi ò mọ̀ bóyá kí n dìde.

Ní ọjọ́ kejì, mò ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi lọ́wọ́ nígbà tí Màmá wọlé pẹ̀lú abọ́ omi. Wọn kò wo ojú mi. "Báwo ni nọ́ọ̀sì yẹn ní kí wọ́n ṣe é?" Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ká apá bùbá wọn sókè, wọ́n ki ìgúnpá bọ inú omi, wọ́n sì fi í síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ẹ̀yìn àbúrò mi. Ó dojú bo ìrọ̀rí.

Egbò náà tó oṣù méje kó tó jinná. Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà. Àbúrò mi kọ́ iṣẹ́ rédíò títúnṣe, iwájú ilé wa ló ti ń ṣe é lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀. Màmá padà sídìí iṣẹ́ wọn lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ti aṣọ bọmi, wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí, ì báà jẹ́ ọmọdé, pé, "Bí ẹ bá rí i pé mò ń ṣì í ṣe, ẹ sọ fún mi o." Mi ò lè gbọ́ ọ kí ọkàn mi má gbọgbẹ́. Ọ̀wọ̀ ni mo pe ìdákẹ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ìbẹ̀rù ni, mi ò fẹ́ kí Màmá bínú sí mi. Àpá náà ṣì wà ní gìgísẹ̀ àbúrò mi, ó ń dán. Nígbà mìíràn, tó bá ń sọ̀rọ̀, á máa fi ọwọ́ ra á láìfiyè sí i. Òun kò mọ̀ ọ́n lára. Èmi ni mò ń mọ̀ ọ́n.