Ife Omi Tí Màmá Mu

Ìyá ọkọ mi kò bá mi jà rí lórí iṣẹ́ mi, àfi lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀. Káàdì ìkíni ni mo ń ṣe nílé wa ní àdúgbò Lamordé ní Niamey, ti ìkómọ, ti ìgbéyàwó, ti ọdún Iléyá. Ojú káàdì, kí ọ̀rọ̀ tó dé orí rẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Mo máa ń fi omi rin bébà tẹ̀yìn tojú, nítorí oòrùn Niamey kò ní sùúrù, èmi náà kò sì ní. Màá kán ọ̀dà olómi aláwọ̀ aró sí i, màá sì wọ́n iyọ̀ lé e kó tó gbẹ. Iyọ̀ á fa àwọ̀ mu, á fi àmì funfun wínníwínní sílẹ̀ bí ìyẹ́ ẹtù. Tó bá gbẹ tán, màá gbọn iyọ̀ dànù, màá wá fi òǹtẹ̀ òdòdó tí mo gbẹ́ lára àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì ògbólógbòó tẹ etí rẹ̀ yí ká. Iyọ̀ tí mò ń dà nù yẹn ni Màmá kì í lè wò. Á ní ẹni tí ebi ò pa rí ló ń fún bébà ní iyọ̀ jẹ.

Opó alùfáà ni Màmá, ọmọ Ìlọrin. Orúnkún tó ń ro ó ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ìrora yẹn kò tilẹ̀ dùn ún tó pé orí àga ló ti ń kírun. Ó ní ojú ń ti òun láti máa jókòó níwájú Ọlọ́run bí ọ̀gá. Ó rán ọkọ mi sí alùfáà kan ní àdúgbò Yantala, pé kó bá òun gba hàntú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà fún aláìsàn mu. Ọkọ mi ní òun ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò rántí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń ṣe káàdì fún ìyálọ́mọ kan. Ojú rẹ̀ dára ju gbogbo èyí tí mo ti ṣe lọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kọ àdúrà sí i, ọwọ́ mi yẹ̀, lẹ́tà tó kẹ́yìn sì wọ́. Inú bí mi, ṣùgbọ́n n kò lè ju irú káàdì bẹ́ẹ̀ nù. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tútù fa àdúrà náà kúrò díẹ̀díẹ̀, mo ń ṣan án sínú ife, títí omi fi dúdú. Mo gbé ife sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, mo lọ wo ẹ̀wà lórí iná.

Nígbà tí mo padà dé, ife ti gbẹ. Màmá ń nu ẹnu, ó ń ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀ tí kò gbàgbé hàntú òun.

Mo sáré lọ wo páálí ọ̀dà. Faransé ara rẹ̀ ní ti àwọn ọmọ iléèwé kékeré ni, kò lè pa ẹni tó bá gbé e mì lára. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrun alásárì tó, Màmá ní kí n gbé àga kúrò. Ó di èjìká mi mú, ó rọra kúnlẹ̀, ó sì forí kanlẹ̀. Ẹkún ayọ̀ ló fi dìde.

Ta ló fẹ́ gba irú ayọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Ọkọ mi ní kí n panu mọ́. Mo panu mọ́, àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá ti forí kanlẹ̀ ni mò ń yíjú kúrò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò tó ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi gbé ìgò hàntú gidi wọlé, ó ń fojú bẹ̀ mí pé kí n wá ibi fi í pa mọ́ sí. N kò lè ṣe é. Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí.

"Kí lo kọ síbẹ̀ kí o tó fọ̀ ọ́?"

"Àdúrà ni, Màmá. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Ó wo orúnkún rẹ̀, ó wò mí. "Kì í ṣe hàntú. Bí ọkọ mi bá wà láyé, á bínú. Ṣùgbọ́n àdúrà náà ni mo mu." Ó wá bú sẹ́rìn-ín títí ìborùn fi yọ lórí rẹ̀, ó sì gba ìgò, ó mu tibẹ̀ náà.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìrora ti padà, Màmá sì padà sórí àga. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Mo jókòó ti iṣẹ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kán ọ̀dà sórí bébà ni mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó nà wá. Ó bu iyọ̀, ó wọ́n ọn lé bébà náà, ó pọ̀ jù bíi ti ẹni tó ń se ọbẹ̀ ogún ènìyàn.

"Kọ àdúrà ti orúnkún mi sí èyí," ó ní. "Àmọ́ má fọ̀ ọ́ o."