Ọkùnrin Tó Ń Ná Abọ́ Kan Ṣoṣo

Abọ́ ike ni mò ń tà ní Òṣòdì. Bí ọjà bá dákẹ́, màá máa kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sórí fóònù. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó bá sọ iye tó jálẹ̀ kí oníbàárà tó fọwọ́ kan ọjà, ó fẹ́ kó ẹrù ẹ̀ padà sílé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni apànìyàn inú ìtàn, a kì í tètè dárúkọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ná an dáadáa ná.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń rán kọ́tìnnì ní Èjìgbò ń kọ irú ẹ̀ náà. Tiẹ̀ tún burú, kì í jẹ́ kí òkú àkọ́kọ́ tutù kó tó pa òmíràn. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Àwa tá a mọ èèyàn pa yìí, a ò lè kọ ìtàn ìfẹ́ láé. Ọwọ́ wa ti le.”

Mo ní, “Ọwọ́ tìẹ ni. Abẹ́rẹ́ ló ń gún un.”

La bá ta tẹ́tẹ́. Màá kọ ìtàn ìfẹ́, màá kà á fún àwọn ìyá tá a jọ ń tajà. Bí ẹnikẹ́ni bá kú nínú ẹ̀, tàbí tí àwọn ìyá náà bá fura sí ẹnikẹ́ni, ọ̀gá ni màá máa pe ọ̀rẹ́ mi níwájú àwọn oníbàárà mi. Èmi tí mi ò fi tinútinú pe ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ọ̀gá rí.

Mo kọ́kọ́ kọ ti ọmọkùnrin kan tó ra súyà lọ fún àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ní Ire-Àkárí. Mo rọra kà á fún ìyá ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Kí ló dé tí òun fúnra ẹ̀ ò jẹ níbẹ̀?”

“Màmá, ìfẹ́ ni.”

“Mo gbọ́. Kó jẹ níbẹ̀ ná.”

Mo tún un wò. Lóòótọ́, kò jẹ. Ọwọ́ mi ti fi májèlé sí i kí n tó mọ̀.

Ni mo bá pa á tì kí ọ̀rẹ́ mi tó gbọ́, mo kọ ti ọkọ mi. Nígbà tí mo ṣì wà ní ọmọge, ojoojúmọ́ ló ń wá ná abọ́ aláwọ̀ ewé kan ní ìnákúnàá. Màá bú u, á rẹ́rìn-ín, á lọ. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó tún ti dé.

Lọ́jọ́ tí mo kà á, ọ̀rẹ́ mi wá láti Èjìgbò, ó dojú garawa mi kan délẹ̀, ó jókòó lé e.

Ìyá ẹlẹ́ja ní, “Kí ni ọkùnrin yìí ń wá gan-an?”

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ẹ ti fura. Ó ti tán.”

“Ìfẹ́ la fura sí. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn,” ni ìyá ẹlẹ́ja fèsì.

Ibi tá a ti ń jiyàn lórí ẹ̀ ni ọkọ mi ti gbé oúnjẹ mi dé láti Máfolúkù.

“Ọkọ wa,” ni ìyá ẹlẹ́ja pè é, “ẹ wá jẹ́rìí. Kí lẹ wá ń wá lọ́dọ̀ ìyàwó wa nígbà yẹn?”

“Abọ́ ni. Mo fẹ́ fi fọ aṣọ. Kò dín in kù, ni mo bá fẹ́ ẹ.”

Ẹ̀rín gbé ọ̀rẹ́ mi ṣubú lórí garawa. “Ẹni tí wọ́n fura sí kọ́ ló ṣe é,” ló ń wí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gidi nìyẹn.”

Oníbàárà méjì dúró ń wò wá. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

“Ọ̀gá,” ni mo wí, “ẹ rọra dìde. Garawa tẹ́ ẹ jókòó lé ti là, ẹ ti rà á nìyẹn. Kò sì gba ìdúnàádúrà.”