Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Wá Kọ́ìlì Rẹ̀ Tì ní Ẹ̀pẹ́

Ọkọ̀ ọkọ mi kì í dédé kú. Á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́, a ó sì máa gbọ́ ohùn ẹyẹ nínú igbó. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó nígbà náà ni. Ìtòsí Agric ní Ìkòròdú là ń gbé, ọ̀sẹ̀ méjì méjì la sì máa ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná dáadáa, tí a ń sún mọ́ ọ̀nà Ejinrin báyìí, ọkọ̀ á kú. A ó jókòó sábẹ́ igi títí yóò fi tutù, á sì tún jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ni bàbá tó bí mi, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo dàgbà sí. Mo mọ̀ pé kọ́ìlì ni, ohun kékeré tó rí bí agolo mílíìkì, tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún púlọ́ọ̀gì. Ẹni tó dè é mọ́ ọkọ̀ wa dè é mọ́ ara ẹ́ńjìnì gan-an, níbi tí ooru ti ń sè é bí ẹ̀wà. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ gbọ́ ti ọbẹ̀, jẹ́ kí n gbọ́ ti ọkọ̀."

Ní Sátidé kan ó ra kọ́ìlì tuntun bọ̀, pupa fòò, tó ń dán. Ó ní òun ló rẹwà jù ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo yí i wò, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Kọ́ìlì méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan ní ohun tó ń bu iná kù nínú ara rẹ̀, kí èkejì má ní, àfi kí wọ́n so rìsísítọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́ ọn níta. Èyí tó nílò rìsísítọ̀ lọkọ mi rà, ọkọ̀ wa ò sì ní ìkankan. Kò ní pẹ́ tí yóò fi jóná. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èmi ò tilẹ̀ fọn fèrè kankan. Mẹkáníìkì àdúgbò bá a dè é sójú ibi ti àtijọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, bí ọkọ mi ti wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ, mo tú kọ́ìlì pupa, mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì gba dúdú kan tó bá ọkọ̀ wa mu. Mi ò dè é mọ́ ẹ́ńjìnì mọ́. Páànù inú tó wà lókè táyà iwájú ni mo gbé e lọ, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Mo lu ihò méjì, mo fi nọ́ọ̀tì dè é, mo sì fi wáyà tó gùn rọ́pò èyí tó kúrú. Ọkọ mi kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí a tún lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ò wúkọ́ rárá. Ọkọ mi ń fọwọ́ lu sítíárìn.

"Mo wí bẹ́ẹ̀! Ojú ni wọ́n fi ń mọ kọ́ìlì tó dáa!"

"O káre, ìnjìníà," mo dáhùn, mo kọjú sí fèrèsé.

Oṣù méjì ló fi ròyìn kọ́ìlì yẹn fún ẹbí. Nígbà tó fi máa di ìrìn àjò kẹta, àárín ogún kọ́ìlì ló ti ṣà á. Àfi ọ̀sán Sunday kan tí bàbá kékeré rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta ẹja, wọlé wá bá wa nílé ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ tiwọn náà ń kú tí ó bá gbóná.

"Ìnjìníà, wá fi kọ́ìlì rẹ hàn mí, kí n lè ra irú rẹ̀."

Mo yára gbé oúnjẹ síwájú ọkọ mi. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun ná, bàbá."

"Oúnjẹ ò ní sá lọ."

Ọkọ mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tìlù tìfọn. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kọ́ìlì mi! Wọ́n ti jí kọ́ìlì mi!"

"Nínú ọkọ̀ tí ẹ fi wọlé láàárọ̀ yìí?" bàbá kékeré béèrè.

Àwọn ará ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo rí òógùn tó ń ṣàn létí ọkọ mi. Oṣù méjì ni mo ti ń retí ojú yẹn. Ìgbà tí mo wá rí i, kò dùn tó bí mo ti rò. Mo sún mọ́ ọn. Nílé, "o" ni mo máa ń pè é, ṣùgbọ́n iwájú àwọn èèyàn rẹ̀ la wà.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gba dúdú, kí n gbé e kúrò níbi tó gbóná. Ẹ ti gbàgbé ni. Òun nìyí."

Ó wo kọ́ìlì, ó wò mí. "Bẹ́ẹ̀ ni," ohùn rẹ̀ kéré. "Mo ti gbàgbé."

Bàbá kékeré kì í ṣe ọmọdé. "Ó dáa. Kí ẹni tó gbé tiyín wá bá mi gbé tèmi."

Mo ká apá aṣọ sókè. Ọkọ mi ń na sípánà sí mi, èyí tí mi ò béèrè ló sì ń mú wá ní gbogbo ìgbà. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò wá títí, wọ́n ní, "Ọwọ́ ìyàwó ni epo ọkọ̀ wà, ẹnu ọkọ ni ìròyìn wà."

À ń padà lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kí a tó wọ Ìkòròdú, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa ọkọ̀.

"Ṣé láti oṣù méjì lo ti ń fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dùn?"

"Ó dùn gan-an. Títí di ọ̀sán òní."

Ó fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ó yá, kọ́ mi."

Ọkọ̀ yẹn ti di irin àlòkù tipẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé torí ọlá ọkọ mi ni mo ṣe dákẹ́. Irọ́ ni. Mo dákẹ́ kí n lè rí i nígbà tó bá ṣubú, ẹ̀rín ọ̀rọ̀ náà sì ṣì máa ń pa mí títí di òní. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lásìkò yẹn, títí kan kọ́ìlì tí mo dè tí kò jóná, irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa nítorí rẹ̀ níwájú àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni inú mi dùn sí jù.