Múfútáù, Olùtukọ̀ Odò Ìjù, Ẹni Tó Ní Kí N Dá Ẹyin Padà

Ó mà dìgbà o, Múfútáù, ọmọ ìyá mi! Ìròyìn tí àìsàn ò jẹ́ kí o gbọ́ dáadáa nìyí: Kúdírátù ọmọ rẹ bí ìbejì ní Ijoko, akọ kan, abo kan. Wàsíù, àrẹ̀mọ rẹ, ti ṣe yìgì ní Agbara. Ọmọ-ọmọ tèmi méjì ti wọ yunifásítì, mo sì ń fi wọ́n yangàn kiri Ọ̀tà. Gbogbo wọn pé síbi fìdáù rẹ lónìí, ìwọ nìkan la ò rí.

Ọwọ́ ara mi, èmi Sàdíátù ẹ̀gbọ́n rẹ, ni mo fi kọ èyí. Ìwọ lo fà mí dé kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà.

Nígbà tí o fẹ̀yìn tì nílé-iṣẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wá iṣẹ́ ọlọ́dẹ, ọkọ̀ igi lo lọ rà. Ò ń fi gbé àwọn tó wá wo ẹyẹ gba inú àbàtà odò Ìjù. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lo máa ń tu ọkọ̀ náà láàárín ojúoró, wàá ní, "Ẹ rọra o, onílé wà nílé." Àwọn ẹyẹ lò ń pè ní onílé. Àní o máa ń kí wọn: "Ẹ kúulé o!"

Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ mú mi lọ ni mo ṣe é. Bí a ṣe ń fẹsẹ̀ rìn létí omi, mo rí ẹyin mẹ́fà nínú koríko, mi ò rí ìyá wọn. Mo rò pé ó ti pa wọ́n tì ni. Mo fi ìborùn mi dì wọ́n láìsọ fún ọ, mo lọ kó wọn sábẹ́ adìyẹ mi tó ń sàba. Inú mi dùn bí ẹni tó gba ọmọ là. Nígbà tí mo sọ fún ọ lọ́jọ́ kejì, o gbá orí mú.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọlọ́mọ lẹ jí gbé yìí! Ṣé adìyẹ yín ló máa kọ́ wọn ní odò wíwẹ̀?"

O rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n o ò gbà. A dá wọn padà, a wá jókòó sínú ọkọ̀ lókèèrè. Òjò pa wá, oòrùn pa wá. Mi ò gbàdúrà fún ẹyẹ rí, ṣùgbọ́n mo gbà á lọ́jọ́ náà, torí bí kò bá padà, èmi ni mo pa ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó yá, ẹyẹ dúdú kan tí àgógó rẹ̀ pupa yọ jáde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jókòó lé wọn.

O ní, "Ó ti forí jì yín."

Nígbà tí mo mọ̀wéé kọ, o gbé pátákó kan fún mi. Mo kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ MÁ KÓ ẸYIN ẸYẸ LỌ SÍLÉ O." O rì í mọ́ etí omi. Gbogbo ẹni tó bá wọkọ̀ rẹ lo máa ń fi hàn: "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́ o!" Ṣùgbọ́n o ò sọ ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí o fi lọ. Èmi fúnra mi ló sọ ọ́ lónìí.

Lẹ́yìn tí a sin ọ́, mo lọ jókòó létí omi náà. Mo mọ̀ pé o ò ní padà bí ẹyẹ yẹn, síbẹ̀ mo dúró pẹ́. Òjò ti fọ lẹ́tà mi kúrò lára pátákó. Màá tún un kọ.

Sùn re, olùtukọ̀ mi, kí Ọlọ́hun tẹ́ ọ sí àlìjánnà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà tí wọn yóò fi ra pátákó tuntun ti wà lọ́wọ́ Wàsíù.